Bóòtù àti Nọ́ọ̀tì fún Ẹgbẹ́ Róbọ́ọ̀tì Ilé-Ẹ̀kọ́: Ohun Tẹ́ Ẹ Máa Rà, Iye Tó Máa Tó, àti Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀

Bóòtù wo ni ká rà, mélòó ló sì máa tó wa? Àwọn olùkọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì kì í yé béèrè èyí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àpótí ẹ̀yà róbọ́ọ̀tì wọn. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe "ẹ ra gbogbo rẹ̀". Ẹgbẹ́ tó bá ní oríṣi bóòtù 20 á pẹ́ nídìí wíwá bóòtù ju ẹgbẹ́ tó ní oríṣi 6 lọ. Ẹ mú ìwọ̀n kan ṣoṣo, ẹ rà á lọ́pọ̀ yanturu, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ìwọ̀n tó jọ ọ́ wọ yàrá iṣẹ́ yín.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi 8 sí 15, tí wọ́n ń kọ́ róbọ́ọ̀tì kan lọ́dún, la fi ṣe òṣùwọ̀n níbí. Róbọ́ọ̀tì ọ̀hún jẹ́ irú èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 18 lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀, bíi ti ìdíje FIRST Tech Challenge. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà róbọ́ọ̀tì VEX lẹ ń lò, ìlànà kan náà ni, ìwọ̀n bóòtù nìkan ló yàtọ̀.

## Kẹ́ ẹ tó dé ọjà: orúkọ tí nǹkan ń jẹ́

- Bóòtù ni èyí tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ tàbí tó ń wọ ihò tí wọ́n ti gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó ń yí po bíi ti ara bóòtù) sí. Súkúrù ni èyí tó ń gbẹ́ ọ̀nà ara rẹ̀ sínú pákó tàbí ike. Ẹ má ṣe fi súkúrù pákó de férémù róbọ́ọ̀tì.
- Bóòtù álẹ́ǹ: orí rẹ̀ ga, ó rí roboto, ihò igun mẹ́fà sì wà láàárín rẹ̀. Òun ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí ihò orí rẹ̀ jìn, kì í tètè jẹ.
- Olórí olú: orí rẹ̀ rí bí olú, kò ga. Ibi tí nǹkan bá ń yí lẹ́bàá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lò ó, níbi tí orí tó ga ti máa kọ́ nǹkan. Ihò orí rẹ̀ kéré, kò sì jìn, nítorí náà ó máa ń tètè jẹ.
- Aláìlórí: kò ní orí rárá, inú ihò ni gbogbo ara rẹ̀ ń wọ̀ sí. Òun ló ń di táyà tàbí jíà mọ́ ọ̀pá.
- Nọ́ọ̀tì onírọ́bà: òrùka ike kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń há mọ́ bóòtù kó má bàa tú. Lock nut lọ̀pọ̀ oníṣòwò ń pè é.

Ohun méjì máa ń da rírà rú lọ́dọ̀ wa. Èkíní, mẹkáníìkì kì í fi ìwọ̀n bóòtù pe bóòtù, sípánà tó ń tú u ni wọ́n fi ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n fún yín ní "bóòtù 10" ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, M6 ni wọ́n sábà máa gbé jáde, nítorí sípánà 10 ló ń tú M6 (M6 ni bóòtù tó fẹ̀ ní mìlímítà 6, bẹ́ẹ̀ náà ni M3, M4 àti ìyókù). "Bóòtù 8" máa jẹ́ M5, "bóòtù 13" máa jẹ́ M8. Èkejì, "sítáà" lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ wa ni súkúdíráfà ẹlẹ́nu àgbélébùú. Sítáà tí àwọn tó ń ṣe VEX ń sọ kọ́ nìyẹn o. Ti VEX ní ẹnu mẹ́fà, T15 lórúkọ rẹ̀ fún bóòtù 8-32 (ìwọ̀n íǹṣì nìyẹn: bóòtù nọ́ńbà 8, tírẹ́ẹ̀dì 32 nínú íǹṣì kan). Kẹ́ ẹ má bàa ṣi í rà, ẹ mú àpẹẹrẹ bóòtù kan dání lọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìwọ̀n tí ẹ̀yà róbọ́ọ̀tì yín ń lò

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yan èyí. Ẹni tó ṣe ẹ̀yà náà ti yàn án fún yín.

- goBILDA: M4
- REV (férémù 15 mm): M3
- VEX V5: 8-32
- TETRIX MAX: 6-32

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gé alumíníọ̀mù tẹ́ ẹ fi kọ́ róbọ́ọ̀tì yín, ẹ mú M4. M3 tinrin fún ibi tí agbára bá pọ̀. M6 tí ó kún ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ihò rẹ̀ sì máa ń jẹ irin tinrin tán.

Bó ti wù kó rí, ẹ máa nílò M3 díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìwọ̀n yìí ni ihò Arduino Uno (pátákó tó ń darí róbọ́ọ̀tì) àti ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná kéékèèké ń gbà. Raspberry Pi, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, ní tirẹ̀ ń gba M2.5. Ẹ má fipá ti M3 sínú ihò rẹ̀, ẹ máa fọ́ pátákó náà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ lé àwọn tó jọra jáde

Ibí yìí ni ìbàjẹ́ tó pọ̀ jù ti ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìwọ̀n íǹṣì àti ìwọ̀n mìlímítà wà tí ojú lásán kò lè dá mọ̀:

- M4 àti 8-32. M4 fẹ̀ ní 4.0 mm, 8-32 fẹ̀ ní nǹkan bí 4.17 mm. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju sísanra bébà méjì lọ. Àmọ́ tírẹ́ẹ̀dì M4 fi 0.7 mm jìnnà síra, ti 8-32 fi 0.79 mm. Bóòtù M4 á wọ nọ́ọ̀tì 8-32 fún ìyípo mélòó kan, lẹ́yìn náà ló máa há. Ọmọ tí kò mọ̀ á rò pé nọ́ọ̀tì onírọ́bà ló ń le bẹ́ẹ̀, á fi agbára kún un, tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì á sì jẹ.
- M5 àti 10-32. Eléyìí burú jù, torí kì í há. Tírẹ́ẹ̀dì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, 0.8 mm àti 0.79 mm. Bóòtù 10-32 á wọ nọ́ọ̀tì M5 wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tinrin díẹ̀, kò ní di í mú dáadáa. Ìgbà tí róbọ́ọ̀tì bá forí sọ ògiri lẹ máa tó mọ̀.
- M3 àti 6-32. Inú kọ̀ǹpútà àlòkù ni ìdàrúdàpọ̀ yìí ti ń wá. Bóòtù tó di hard disk ńlá mú jẹ́ 6-32, èyí tó di ibi tí wọ́n ń ki CD sí mú jẹ́ M3. Tẹ́ ẹ bá tú kọ̀ǹpútà kan, tẹ́ ẹ sì da gbogbo bóòtù rẹ̀ sínú agolo kan, ẹ ti da ìwọ̀n méjì pọ̀ nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe:

1. Ẹ wá pátákó kékeré kan. Ẹ lẹ nọ́ọ̀tì lásán kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn: M3, M4, M5, M6, 6-32, 8-32, 10-32. Ẹ kọ orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà kò wúlò fún èyí, torí rọ́bà rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ ohun tí tírẹ́ẹ̀dì ń sọ.
2. Bóòtù tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé orí pátákó yìí. Ìka ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi yí i. Bí kò bá lọ dé òpin fúnra rẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ nilé rẹ̀. Tó bá wọ M5 àti 10-32 méjèèjì, ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ tó ń wọn ìbú) wọn ara rẹ̀.
3. Ìwọ̀n íǹṣì tí róbọ́ọ̀tì yín kò lò, ẹ gbé e kúrò nínú yàrá náà pátápátá. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ sí igun kan, ó máa padà wá.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún kọ́kọ́rọ́ álẹ́ǹ. Álẹ́ǹ íǹṣì 3/32 jẹ́ 2.38 mm. Ó máa wọ ihò tó yẹ kí 2.5 mm wọ̀, á máa mì nínú rẹ̀, á sì gé igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di roboto. Ẹgbẹ́ tó ń lo M4 kò nílò álẹ́ǹ íǹṣì kankan lórí tábìlì.

## Ìwọ̀n tó yẹ kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri

Mìlímítà ni gbogbo rẹ̀.

| | M3 | M4 | M5 | M6 |
|---|---|---|---|---|
| Sípánà nọ́ọ̀tì | 5.5 | 7 | 8 | 10 |
| Álẹ́ǹ fún bóòtù álẹ́ǹ | 2.5 | 3 | 4 | 5 |
| Álẹ́ǹ fún olórí olú | 2 | 2.5 | 3 | 4 |
| Álẹ́ǹ fún aláìlórí | 1.5 | 2 | 2.5 | 3 |
| Gíga nọ́ọ̀tì onírọ́bà | 4 | 5 | 5 | 6 |
| Ihò tí bóòtù ń gbà kọjá | 3.4 | 4.5 | 5.5 | 6.6 |
| Ihò kẹ́ ẹ tó gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì | 2.5 | 3.3 | 4.2 | 5 |

Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta dáadáa. Álẹ́ǹ 2.5 ń tú M3 tó jẹ́ bóòtù álẹ́ǹ, ó sì tún ń tú M4 olórí olú. Nítorí náà, ẹni tó bá di álẹ́ǹ 2.5 mú kò lè fi ìyẹn nìkan sọ pé M3 ni bóòtù tó wà níwájú òun.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò gígùn

Abẹ́ orí ni wọ́n ti ń wọn bóòtù dé ìdí rẹ̀. Àyàfi èyí tí orí rẹ̀ máa ń rì sínú irin. Ti èyí, láti òkè orí ni.

Fún bóòtù tó máa gba nọ́ọ̀tì onírọ́bà, ẹ ro nǹkan mẹ́rin pọ̀:

sísanra ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dè + sísanra wọ́ṣà + gíga nọ́ọ̀tì + tírẹ́ẹ̀dì méjì tó máa yọ jáde lódìkejì

Ẹ jẹ́ ká mú irin goBILDA méjì tó gbé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní 2.5 mm. Kò sí wọ́ṣà. 5 + 5 + 1.4 jẹ́ 11.4. Bóòtù 12 mm lẹ máa lò. Tẹ́ ẹ bá fi wọ́ṣà 0.8 mm sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó di 13, 12 kò tó mọ́, ẹ bọ́ sí 16.

Kí ló dé tí tírẹ́ẹ̀dì méjì fi gbọ́dọ̀ yọ? Ẹnu nọ́ọ̀tì ni rọ́bà rẹ̀ wà. Bí bóòtù kò bá la rọ́bà náà kọjá, nọ́ọ̀tì lásán lẹ lò, ó sì máa tú. Ìkọjá rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, torí bóòtù tó bá yọ gùn-ún-gùn níta máa ń kọ́ wáyà, ó máa ń ha táyà, ó sì máa ń ya ọmọ lọ́wọ́.

Fún ihò tí wọ́n ti gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì sínú alumíníọ̀mù, kí bóòtù wọlé tó ìlọ́po 1.5 sí 2 ìbú rẹ̀. Fún M4, ìyẹn jẹ́ 6 sí 8 mm. Irin 2.5 mm pẹ̀lú 6 sí 8 yẹn fún wa ní bóòtù 10 mm.

Ẹ ṣọ́ra fún ojú mọ́tò. Ihò tó wà níwájú mọ́tò kì í jìn. Bóòtù tó bá gùn jù á wọlé lọ gún jíà inú rẹ̀, mọ́tò á há tàbí kó máa dún gìrìgìrì, ẹ ó sì rò pé wáyà ló bàjẹ́. Ẹ fi igi ìtayín wọn jíjìn ihò náà, ẹ ro sísanra irin tó máa jókòó lé e mọ́ ọn, kí bóòtù sì fi 1 mm kúrú sí àròpọ̀ yẹn. Tó bá ti le kí orí rẹ̀ tó kan irin, ẹ tú u kíá, ẹ má tì í.

## Ìgbésẹ̀ 4: Iye tó tó fún ọdún kan

Ẹgbẹ́ tó ń lo M4 la kọ èyí fún. Tí tiyín bá jẹ́ M3 tàbí 8-32, ẹ mú iye kan náà, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n tiyín rọ́pò.

M4 bóòtù álẹ́ǹ
- 8 mm: 150
- 10 mm: 200
- 12 mm: 250
- 16 mm: 150
- 20 mm: 50
- 30 mm: 50

Ohun tó ń bá M4 rìn
- Nọ́ọ̀tì onírọ́bà: 500
- Nọ́ọ̀tì lásán: 100
- Wọ́ṣà: 200
- Olórí olú 10 mm: 50

M3
- 8 mm: 100
- 12 mm: 50
- Nọ́ọ̀tì onírọ́bà: 150
- Wọ́ṣà: 100

Ibi tí 500 nọ́ọ̀tì ti wá nìyí: 12, 16, 20 àti 30 ló ń gba nọ́ọ̀tì, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 500. 8 àti 10 sábà máa ń wọ inú ihò onítírẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀tì máa ń tán ju bóòtù lọ, torí ó máa ń jábọ́, ó máa ń yí lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, rọ́bà rẹ̀ sì máa ń rẹ̀. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, bóòtù ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má dín nọ́ọ̀tì.

Bí owó kò bá tó rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, 12 àti 16, ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì onírọ́bà 250. A ti lè kọ́ férémù tó pé pẹ̀lú ìyẹn. 14 mm àti 18 mm jẹ́ gígùn tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń rà tí wọn kì í lò. Ẹ fi wọ́ṣà kan kún 16, ó ti parí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Rírà

Ẹ pín in sọ́nà méjì. M6 sókè wà lọ́jà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà ní ìlú tó bá tóbi díẹ̀. M3 àti M4 onírọ́bà kì í pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ iná àti ti kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti wá M3, ní irú àdúgbò bíi Computer Village n'Ìkẹjà tàbí Àlàbà. M4 onírọ́bà lè gba kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kí ìdíje tó kù oṣù mẹ́ta, nítorí tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n kó o wá láti òkè òkun, ẹ kò lè sọ ọjọ́ tí yóò jáde kúrò lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù.

Kẹ́ ẹ tó san owó:

1. Ẹ mú bóòtù 5 láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú pákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe èyí tó wà lókè nìkan.
2. Ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì lásán tẹ́ ẹ mú láti ilé sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ lọ láìdúró.
3. Ẹ ki álẹ́ǹ tiyín bọ ihò orí rẹ̀. Tó bá ń mì, ẹ dá a padà.
4. Ẹ wo inú nọ́ọ̀tì onírọ́bà. Òrùka rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kó má sì ní ojú ìlà tírẹ́ẹ̀dì kankan. Tó bá ti ní, ẹnì kan ti lò ó rí.
5. Ẹ kà á. Tó bá pọ̀ jù láti kà, ẹ ka 50, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ẹ pín ìwọ̀n rẹ̀ sí 50, kẹ́ ẹ wá wọn gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìwọ̀n ẹyọ kan pín in.

Àwọ̀ wo ló dára? Dúdú lágbára jù, 12.9 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n òróró díẹ̀ nìkan ló ń dáàbò bò ó, ó sì máa ń dípẹtà kíákíá níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ bíi ti Èkó. Èyí tí wọ́n fi síńkì bò ló dára jù fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Sítéènlẹ́ẹ̀sì kì í tètè dípẹtà, àmọ́ ó ní ìṣòro tirẹ̀: bóòtù sítéènlẹ́ẹ̀sì nínú nọ́ọ̀tì sítéènlẹ́ẹ̀sì, tẹ́ ẹ bá fi dírìlì yí i kíákíá, á gbóná, irin méjèèjì á gbé ara wọn mì, kò sì ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Gígé ló kù. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dè é, ẹ sì kan gíríìsì díẹ̀ sí i.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ṣíṣètò rẹ̀

1. Ẹ ra àpótí ike oníyàrá tí ìdérí rẹ̀ kan orí ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Tí àlàfo bá wà láàárín wọn, ọjọ́ tí àpótí bá dojú dé nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀.
2. Ìwọ̀n kan, àpótí kan. M3 àti M4 kò gbọ́dọ̀ gbé inú àpótí kan náà.
3. Ẹ tò wọ́n láti kúkúrú sí gígùn, láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ lẹ bóòtù kan mọ́ iwájú yàrá rẹ̀. Kíkà lè ṣi ọmọ tó ń kánjú, ṣùgbọ́n ó máa fi bóòtù ọwọ́ rẹ̀ wé èyí tó wà níwájú.
4. Ẹ fi mákà fa ìlà gígùn kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì: 8, 10, 12, 16, 20, 30.
5. Ẹ gbé agolo kan sí ẹ̀gbẹ́ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ilé rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò le: bóòtù tó bá bọ́ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sínú àpótí ní tààràtà, inú agolo ni yóò lọ. Ẹ máa ṣa agolo náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú pátákó nọ́ọ̀tì yín.
6. Bóòtù tó ti jẹ, ẹ fi pílíásì gé e sí méjì kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á ṣàánú rẹ̀, á dá a padà.

Awo tó ní òòfà dára fún orí tábìlì iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sítéènlẹ́ẹ̀sì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì gbé e jìnnà sí bátìrì. Nọ́ọ̀tì kan tó bá jábọ́ sáàárín ẹnu bátìrì méjèèjì tó láti dá iná sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Kó má tán mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ má gbára lé ìwé kíkà ojoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọ̀rá ni kẹ́ ẹ lò.

1. Nígbà tẹ́ ẹ bá ra bóòtù dé, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ da ìdá méjì sínú àpótí.
2. Ẹ di ìdá kẹta sínú ọ̀rá, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ fi ìwé pélébé kan sínú rẹ̀ tó sọ orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀, àti ibi tẹ́ ẹ ti rà á.
3. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá sínú páálí kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ń tọ́jú.
4. Ẹni tó bá já ọ̀rá gbọ́dọ̀ fi ìwé pélébé náà lé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé yẹn ni àṣẹ láti lọ ra òmíràn.

Ìdá kẹta yẹn ló máa gbé yín títí ẹni tẹ́ ẹ rán lọ ọjà á fi dé. Tí ọjà bá jìnnà sí yín, tàbí tí òkè òkun ló ti ń wá, ẹ sọ ọ́ di ìdajì.

## Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù, àti ìdí rẹ̀

Nọ́ọ̀tì onírọ́bà tó ti rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì la rọ́bà rẹ̀ kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ẹ jù ú nù.

Gúlù bóòtù níbi tí kò yẹ. Loctite bulúù, 242 tàbí 243, ṣeé tú pẹ̀lú irinṣẹ́ ọwọ́. Pupa 271 ń fẹ́ iná bíi 260°C kó tó jọ̀wọ́, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí róbọ́ọ̀tì akẹ́kọ̀ọ́. Méjèèjì máa ń mú kí pólíkábónéètì, ABS àti ike dídán irú ti pátákó ìpolówó sán. Ó lè má hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lẹ máa rí ìlà tó ń sán yí ihò ká. Ibi tí ike bá wà, nọ́ọ̀tì onírọ́bà ni kẹ́ ẹ lò. Ibi tí nọ́ọ̀tì onírọ́bà bá sì wà, gúlù kò wúlò.

Bóòtù aláìlórí tó ń yọ̀ lórí ọ̀pá roboto. Ọ̀pá á máa yí, táyà á dúró lójú kan. Ẹ fi fáìlì fá ojú ọ̀pá náà di pẹrẹsẹ níbi tí bóòtù máa kàn, ẹ wá fi gúlù bulúù kan ẹyọ kan sí i. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ra ìdè táyà irú èyí tó máa ń fún ọ̀pá mọ́ra (clamping hub) dípò rẹ̀.

Orí bóòtù yíyí dípò nọ́ọ̀tì. Nínú nọ́ọ̀tì onírọ́bà, ẹ fi álẹ́ǹ di orí mú gbọn-in, sípánà ni kẹ́ ẹ fi yí nọ́ọ̀tì. Ihò orí kò ní tètè jẹ.

Dídè jù. Álẹ́ǹ kúkúrú lọ́wọ́ ọmọ tó lágbára ti tó láti já M3. Ẹ fi ìka méjì di álẹ́ǹ mú, ẹ má fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́.

## Bí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kò bá sí

- Kò sí nọ́ọ̀tì onírọ́bà: ẹ fi nọ́ọ̀tì lásán méjì tẹ̀lé ara wọn. Ẹ di èkíní mú pẹ̀lú sípánà kan, kẹ́ ẹ fi òmíràn de èkejì mọ́ ọn. Bóòtù gbọ́dọ̀ gùn sí i. Tàbí nọ́ọ̀tì lásán kan pẹ̀lú gúlù bulúù. Wọ́ṣà onísípíríǹgì nìkan kò tó fún róbọ́ọ̀tì tó ń gbọ̀n.
- Gígùn tẹ́ ẹ fẹ́ kò sí: ẹ gé èyí tó gùn. Ẹ kọ́kọ́ wọ nọ́ọ̀tì lásán sí i kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, ẹ fi ayùn irin gé e, ẹ fi fáìlì fá etí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tú nọ́ọ̀tì jáde. Bó ṣe ń jáde ló ń tún tírẹ́ẹ̀dì tí ayùn bàjẹ́ ṣe. Ẹ fi gíláàsì ààbò sójú.
- Tírẹ́ẹ̀dì inú alumíníọ̀mù ti jẹ: tí ihò náà bá la irin já, ẹ fi dírìlì 4.5 mm la M4 kọjá, kẹ́ ẹ fi bóòtù gígùn àti nọ́ọ̀tì onírọ́bà dè é láti ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ojú mọ́tò, ẹ má dán an wò.

## Àpótí ọjọ́ ìdíje

Ẹ má gbé gbogbo ilé lọ. Ẹ di àpótí kékeré kan ní ọjọ́ méjì ṣáájú:

- M4: 20 nínú gígùn kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì onírọ́bà 80, wọ́ṣà 30
- M3: 20 nínú gígùn kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì onírọ́bà 30
- Bóòtù aláìlórí: 10
- Bóòtù tó di apá mọ́tò séfò (servo) kọ̀ọ̀kan mú: 2, irú èyí tó bá a wá gan-an
- Álẹ́ǹ 1.5, 2, 2.5, 3: méjì méjì
- Sípánà 5.5 àti 7: méjì méjì
- Gúlù bulúù, pílíásì, tọ́ọ̀ṣì
- Kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ pupa

Kútẹ́ẹ̀sì náà ṣe pàtàkì o. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti de róbọ́ọ̀tì tán, ẹ fi fa ìlà tín-ínrín kan láti ara nọ́ọ̀tì bọ́ sórí irin tó jókòó lé. Láàárín ìdíje kan àti òmíràn, ẹ kò nílò láti fọwọ́ kan bóòtù kankan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ìlà. Níbi tí ìlà bá ti já, nọ́ọ̀tì yẹn ti yí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi mọ́tò àwọn táyà, kẹ́ ẹ bọ́ sí ìdí apá tó ń gbé nǹkan, kẹ́ ẹ sì fi férémù ṣe ìkẹyìn.

Tí bóòtù kan bá sì jábọ́ sínú róbọ́ọ̀tì, ẹ yọ bátìrì kúrò kẹ́ ẹ tó wá a, ẹ má sì tan róbọ́ọ̀tì náà títí ẹ ó fi rí i.